Ìwà ọmọlúàbí nínú ímeèlì àti gúrúùpù: kí ni ká kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun?

Akọ̀wéTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí n kọ ìlànà olójú-ìwé méjì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wa: bí wọ́n ṣe máa kọ ímeèlì, bí wọ́n ṣe máa hùwà nínú gúrúùpù WhatsApp tí a fi ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ dán wò. Mo ti ka irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tó pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń sọ pé kéèyàn jẹ́ ọmọlúàbí ni, wọn ò sọ ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe tó bá ti jókòó ti kíbọọ̀dù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà àwọn èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbà mí níyànjú. Kí ló ń ni yín lára jù? Ibi tó rú mi lójú jù ni ọ̀rọ̀ Cc, ìyẹn fífi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, àti bó ṣe yẹ kí èsì yá tó.

OlùdáhùnÍmeèlì

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́. Dídá àwọn oníbàárà lóhùn ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, nítorí náà àkọlé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àkọlé kì í ṣe ibi ìkíni. "Ẹ kú àárọ̀" kì í ṣe àkọlé. "Pàtàkì" náà kì í ṣe àkọlé, torí kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣe pàtàkì lójú ara rẹ̀. Àkọlé tó dáa ni èyí tí mo lè fi wá lẹ́tà náà rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ wo èyí: "Ìwé àdéhùn tuntun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì". N kò tíì ṣí i, mo ti mọ ohun tó jẹ́, mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe, mo sì ti mọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí.

Lẹ́yìn ìkíni, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ lè tẹ̀ lé e, ẹni tó bá nílò rẹ̀ á kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ro gbogbo ẹjọ́ tán kí wọ́n tó béèrè ohun tó gbé wọn wá, ẹni tó sì ń fi fóònù kà á lójú ọ̀nà lè má dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ láé. Bí ìbéèrè bá ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà. Ìbéèrè mẹ́ta tó bá há sínú ìpínrọ̀ kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń dáhùn nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe pé ẹni náà fojú di yín. Kò rí àwọn yòókù ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti yí padà, kí àkọlé náà yí padà. Mo máa ń rí lẹ́tà nípa owó oṣù tó wà lábẹ́ àkọlé ìpàdé ọdún tó kọjá, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kàn ṣí lẹ́tà àtijọ́ kan tó sì tẹ Reply.

ÀgbàAyélujára

Ó dùn mọ́ mi pé ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìjà lórí ìwà nínú ímeèlì ti pẹ́. Ọdún 1971 ni Ray Tomlinson fi ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, ètò ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì mú àmì @ tí gbogbo wa ń lò. Nígbà tó fi máa di 1978, ẹnì kan tó ń polówó kọ̀ǹpútà, Gary Thuerk, ti fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn tó gbà á sì fárígá.

Tí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa gbé ìlànà yín kà, ẹ wá RFC 1855, ìwé ìlànà kan nípa ìwà ọmọlúàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sally Hambridge tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel ló kọ ọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Mo tún un kà lọ́sẹ̀ yìí nítorí ìbéèrè yín, ó sì yà mí lẹ́nu bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe bá òde òní mu tó. Ó ní kí èèyàn má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀, torí bí ẹni ń pariwo ni. Ó ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì tó máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà má ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ká èèyàn lára, kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó fi èsì ránṣẹ́. Ó tún ní kéèyàn rántí pé ẹni tó ń kọ̀wé sí lè wà níbi tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí ó fún un láyè láti jí, láti dé ibi iṣẹ́, kó tó gbà pé kò rí lẹ́tà náà gbà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kò gbajúmọ̀ rárá: kí èèyàn wo gbogbo àkọlé tó wà nínú àpótí rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó béèrè ìrànlọ́wọ́ láàárọ̀ ti kọ̀wé lọ́sàn-án pé òun ti rí i ṣe.

Àdùkẹ́_Ọ́fíìsì

Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn, àmọ́ ohun kan wà tó ń tán mi ní sùúrù. Ẹnì kan á kọ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ n lẹ́ o." Ó parí. Màá dáhùn. Á dákẹ́ fún wákàtí kan. Á tún ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Màá dáhùn. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́, ọjọ́ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n má fi ìkíni nìkan ránṣẹ́.

ÀgbàAyélujára

Àdùkẹ́, ohun tó o sọ yé mi, ṣùgbọ́n máa rọra. Bí ìlànà bá sọ fún ọmọdé pé kó má kí èèyàn, àwọn kan máa gbà pé wọ́n lè já lu èèyàn pẹ̀lú "Fi fáìlì yẹn ránṣẹ́". Irú rẹ̀ ló ń dájà sílẹ̀.

Àdùkẹ́_Ọ́fíìsì

Ẹ ṣeun, bàbá. N kò sọ pé kí wọ́n má kí. Kí ìkíni àti ohun tí wọ́n wá fún jọ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni mò ń wí: "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìwé ìsanwó oṣù tó kọjá kí n lè pa ìwé dé. Bó bá di ọ̀la pàápàá, ó ti tó." Mo lè ti inú ìpàdé dáhùn ìyẹn.

ÀgbàAyélujára

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo gbà. Kí wọ́n sì fi kún un pé ẹni tí wọn ò bá mọ ọjọ́ orí tàbí ipò rẹ̀, "ẹ" ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ títí tí ẹni náà fi máa ní òun kò fẹ́.

ỌmọKọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ Cc ni tèmi. Ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wà ní To. Ẹni tó kàn yẹ kó mọ̀ ló ń wà ní Cc, kò sì pọn dandan kí ó fèsì. Bí orúkọ èèyàn mẹ́fà bá wà ní To, tí lẹ́tà sì kàn ní "ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i", olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì ti ń ṣe é. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tó máa ṣe é nínú lẹ́tà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ Cc di pàṣán. Kí èèyàn ṣàdédé fi ọ̀gá kún lẹ́tà kí ẹni tó ń kọ̀wé sí lè gbọ̀n, ìhalẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó wà nínú lẹ́tà ló sì máa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí ẹni náà nìkan. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n sọ fún un pé àwọn máa fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá létí, kí wọ́n wá ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Bcc, tí kì í jẹ́ kí àwọn tó gba lẹ́tà rí àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀, wà fún àkójọ àwọn tí kò mọ ara wọn. Ẹni tó bá kó àdírẹ́sì igba àjèjì sí To tàbí Cc ti pín àdírẹ́sì wọn fún ara wọn láìgba àṣẹ. Ẹ wò ó pé àwọn tó ń gba ìtọ́jú àìsàn kan náà ló wà lórí àkójọ yẹn: àṣírí ìlera gbogbo wọn ti tú nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe máa kó o padà.

Reply All, tó ń gbé èsì lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wà lórí lẹ́tà, sì nìyí. Ní 1997, ẹnì kan ní Microsoft rí i pé òun wà lórí àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Bedlam DL3, tí nǹkan bí 13,000 èèyàn wà lórí rẹ̀. Ó kọ̀wé sí gbogbo àkójọ náà pé kí wọ́n yọ òun kúrò. Àwọn mìíràn tẹ Reply All láti sọ pé "èmi náà". Àwọn kan tún tẹ Reply All láti bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n má tẹ Reply All mọ́. Lẹ́tà náà di nǹkan bí mílíọ̀nù 15, ẹ̀rọ sì dẹnu kọlẹ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kọkànlá 2016, nígbà tí ímeèlì ìdánwò kan dé ọ̀dọ̀ nǹkan bí 840,000 àdírẹ́sì. Bí irú ìjì bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn má kọ nǹkan kan. Kí ó pa lẹ́tà náà rẹ́, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ.

Olùkọ́Èdè

Ẹ jẹ́ kí n fi kan ohùn. Justin Kruger àti Nicholas Epley pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi gbólóhùn ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, àwọn kan jẹ́ òótọ́ inú wọn, àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó túmọ̀ sí ìdàkejì ohun tí wọ́n kọ. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé nínú 100, ẹni tó ń kà á máa mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ nígbà 78. 56 ni wọ́n mọ̀. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn kàn máa méfò lọ. Nígbà tí wọ́n fi ohùn sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó gòkè dé nǹkan bí 73.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a máa ń gbọ́ ohùn ara wa bí a bá ń kọ̀wé, a sì máa ń gbà pé ẹni tó ń kà á ń gbọ́ ọ bákan náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rí lẹ́tà lásán, ohùn tó bá wà nínú tirẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa fi kà á. Ìdí nìyẹn tí Scott Fahlman, ní yunifásítì Carnegie Mellon, fi dábàá ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1982 pé kí wọ́n máa fi :-) sí ìdí ọ̀rọ̀ àwàdà kí ìjà lè dínkù. Nítorí náà n kò bá àwọn tó ní emoji kò yẹ ọ́fíìsì gbà pátápátá. Ẹyọ kan lè pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ tó le láàárín àwọn tó ti mọra. Sí ẹni tí a kò mọ̀ rí, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà: "ẹ jọ̀ọ́", "ẹ ṣeun", "mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí".

Àwàdà tó lè gún èèyàn lára, kí wọ́n má kọ ọ́ rárá. Àtúnṣe sí àṣìṣe ẹlòmíì, kí wọ́n ṣe é ní kọ̀rọ̀. Bí inú bá ń bí wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ pa àdírẹ́sì tó wà ní To rẹ́ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, kí ìka má baà ṣèèṣì fi ránṣẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Gmail gbà kí èèyàn pe lẹ́tà padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 30 ló pọ̀ jù, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ yí i fúnra rẹ̀. WhatsApp gbà kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ kọ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ti kà á ti kà á.

Aṣiṣẹ́Lóru

Ní ti bí èsì ṣe yẹ kó yá tó, mo fẹ́ gbèjà àwa tí a kì í ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan náà pẹ̀lú yín. Àmì aláwọ̀ búlúù tó ń yọ lórí WhatsApp fi hàn pé mo ti ṣí ọ̀rọ̀ náà. Kò fi hàn pé mo wà níbi tí mo ti lè dáhùn. Mo lè wà nídìí aláìsàn. Kí wọ́n má kọ "ẹ ti rí i, ẹ sì dákẹ́" sí èèyàn.

OlùdáhùnÍmeèlì

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, dídákẹ́ pátápátá náà ń dun ẹni tó ń retí. Ohun tí mo máa kọ sínú ìlànà ni pé bí èsì gidi bá máa pẹ́, kí wọ́n fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan: "Mo ti rí lẹ́tà yín. Mò ń wá ìwé náà, ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́bọ̀." Kí wọ́n sì pa ọjọ́bọ̀ náà mọ́, tàbí kí wọ́n kọ̀wé lọ́jọ́bọ̀ pé kò tíì ṣeé ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì gidi, kí wọ́n pe èèyàn lórí fóònù. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lóru lè kọ lẹ́tà rẹ̀, kó ṣètò rẹ̀ kí ó jáde láàárọ̀. Gmail àti Outlook ló ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Aṣiṣẹ́Lóru

Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

AlábòójútóGúrúùpù

Gúrúùpù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí wọ́n má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sínú gúrúùpù láìjẹ́ pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ gúrúùpù ló máa rí nọ́ńbà náà. Ọ̀rọ̀ èèyàn méjì, kí wọ́n lọ parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí èèyàn ogójì bá ń kọ "ẹ ṣeun" lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ pàtàkì tó wà lókè á ti sọnù. Kí wọ́n kàn fi àmì àtàǹpàkò lé e.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tari kiri, ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn fà á jù. WhatsApp ti fi òdiwọ̀n sí i láti 2019: èèyàn ò lè tari ọ̀rọ̀ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2020, èyí tó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ibì kan ṣoṣo ló lè lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì máa rí ọfà méjì lórí rẹ̀. Ọfà méjì yẹn ń sọ fún yín pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́. Kí wọ́n wá ibi tó ti wá kí wọ́n tó jẹ́ kó ti ọwọ́ wọn kọjá.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ síwájú gbogbo rẹ̀: ìròyìn ikú tàbí ìjàǹbá. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí gúrúùpù kó tó dá a lójú pé àwọn ará ilé ti gbọ́, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àwọn kan ti mọ̀ pé òbí wọn kú nítorí pé àjèjì kọ̀wé kí wọn kú àràfẹ́rakù. Kò sí ìyára tó dára tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán ẹni tó fara pa, àwòrán ọmọ ọlọ́mọ, àwòrán ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ fún yín ní ìkọ̀kọ̀: ẹ má gbé e jáde láìgba àṣẹ ẹni tó ni ín.

Kí wọ́n sì jáwọ́ nínú fífi ohùn oníṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́.

AfetíKàwé

Ẹ kú iṣẹ́, alábòójútó. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ojú mi kò ríran. TalkBack ló ń ka ojú fóònù mi fún mi, àwọn tó ń lo iPhone ní VoiceOver. Àwa kan wà tí ọ̀rọ̀ ohùn rọrùn fún ju kíkọ lọ, ẹ má fòfin dè é. Ẹ kàn ní kí wọ́n kọ ìlà kan mọ́ ọn pé ohun báyìí ló wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó wà láàárín èrò lè mọ̀ bóyá ó lè dúró.

Àwọn ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ nìyí. Ìkéde tí wọ́n yà bí àwòrán láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀: fóònù mi lè sọ pé "àwòrán" kó sì dákẹ́, n kò ní mọ̀ pé ìpàdé ti sún síwájú. Emoji mẹ́wàá léra: ó lè pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dé ọ̀rọ̀ gidi. Àwọn lẹ́tà ológe tí àwọn kan fi ń kọ orúkọ wọn, àmì ìṣirò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ẹ̀rọ, ó lè fò wọ́n tàbí kó máa kà wọ́n bí ohun àjèjì. Líǹkì tó sì kàn ní "tẹ ibí", bí mo bá ní kí ẹ̀rọ ka gbogbo líǹkì tó wà nínú lẹ́tà, "tẹ ibí, tẹ ibí" ni màá gbọ́. Kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀: "fọ́ọ̀mù ìsinmi ọdún yìí".

AlábòójútóGúrúùpù

Ẹ ṣeun gan-an. N kò ronú kan ti àwòrán ìkéde yẹn rí. Láti òní lọ, màá máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

ỌmọKọ̀ǹpútà

Ní kúkúrú lórí fáìlì: kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà, kí orúkọ fáìlì náà nítumọ̀, torí "document1" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gmail kì í gbà kí èèyàn fi lẹ́tà tó bá ju 25 MB lọ ránṣẹ́, fáìlì sì máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i bó bá wọ inú ímeèlì, nítorí náà èyí tó tó 20 MB lè má lọ. Bí wọ́n bá fi líǹkì rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n rí i dájú pé ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní àṣẹ láti ṣí i. Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í bá fáìlì tó ń ṣí rìn nínú lẹ́tà kan náà.

Akọ̀wéTuntun

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti kọ apá tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ìròyìn ikú ló sì wà lókè gúrúùpù bí ẹ ṣe wí. Ó ku ọ̀kan. Ọ̀gá wa fẹ́ kí n kọ ọ́ pé kí àwọn tuntun máa fi òun sí Bcc nínú gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí oníbàárà. Ara mi kò gbà á, àmọ́ n kò mọ ohun tí màá sọ fún wọn.

ỌmọKọ̀ǹpútà

Ẹ sọ èyí fún wọn: bí ọ̀gá bá gbàgbé lọ́jọ́ kan tó tẹ Reply All látinú Bcc, èsì rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, oníbàárà á sì mọ̀ pé ẹnì kan ti ń fara pamọ́ ka lẹ́tà òun. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ, kí wọ́n wà ní Cc kí gbogbo èèyàn rí wọn, tàbí kí ẹ ṣí àpótí ímeèlì kan fún ẹ̀ka yín tí gbogbo lẹ́tà oníbàárà máa ń gbà wọlé, tí ọ̀gá náà sì lè ṣí. Bó bá jẹ́ lẹ́tà kan péré ni wọ́n fẹ́ rí, kí ọmọ iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tán, kó wá tari rẹ̀ sí ọ̀gá lọ́tọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ọ̀gá bá tẹ Reply, ọmọ iṣẹ́ nìkan ló máa rí i.